Ilé Igun Tí Bàbá Soko Ń Tà

Bí ẹ bá fẹ́ fìyà jẹ Ìyá Nsofwa, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú pàṣán. Ẹ sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún un, kí ẹ wá dákẹ́. Kò ní gbádùn ara rẹ̀ mọ́ títí yóò fi rí ìdajì kejì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ nílé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ìlú Luanshya, ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń sùn síbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé kí nshima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, tó balẹ̀ sínú àwo òun, òun á kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ọmọ ta ni ẹ́, kí ló wú ojú ẹ, ta ló bá ẹ jà? Àwọn olùkọ́ pàápàá, bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nílé-ìwé, ilé ìdáná ni wọ́n ń yà sí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri kan, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì fún un ní oṣù mẹ́ta kó fi kúrò nínú ilé tí ilé-ìwé fi í sí. Oṣù mẹ́ta náà kò tíì dé ìdajì tí alásè tuntun fi yọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kúkúrú kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun kàn fẹ́ wọn ojú fèrèsé ni, nítorí kọ́tìnnì. Ìyá Nsofwa ń jẹun lọ́wọ́. Obìnrin yìí gun àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na téèpù gba òkè orí ẹni tó ń jẹun, ó ń ka iye rẹ̀ síta. Kò bú u, kò rí i fín, kò sí ohun tí èèyàn lè mú un sí. Síbẹ̀, Ìyá Nsofwa gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kúrò níwájú ara rẹ̀.

“Nsofwa,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Solwezi, “ilé tí mo fẹ́ rà yìí, mi ò ní kó tóbi, mi ò ní kó rẹwà. Kó ṣáà jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lè sọ fún mi pé, Ìyá, ó yá, ẹ dìde. Inú ilé onílé ni mo wà láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ bàbá yín. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó ra ilé kan. Bó bá ṣì í rà, kò sí owó míì níbì kankan.

Ilé méjì ni wọ́n ń tà lásìkò náà ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà àtijọ́. Ọ̀kan wà láàárín ìlà: ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, ilé lẹ́yìn. Ó mọ́, ó dákẹ́, òrùlé rẹ̀ kò jò. Àmọ́ bí èèyàn bá gbé àga síwájú rẹ̀, ògiri balùwẹ̀ ẹlòmíì ni yóò máa wò títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Èkejì wà ní igun, níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé. Ọgbà ewéko yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ fẹjú, igi máńgòrò ńlá kan sì wà ní ṣóńṣó igun náà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti òwúrọ̀ dalẹ́. Lábẹ́ oòrùn oṣù kẹsàn-án Luanshya, ẹni tó bá rí irú òjìji bẹ́ẹ̀ tí kò dúró, ara rẹ̀ kò yá ni.

Ẹni tó ni ín ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rédíò lórí itan, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Yobe Soko ni wọ́n ń pè é.

“Ẹ kú ìsinmi o, bàbá. Wọ́n ní ẹ fẹ́ ta ilé. Kalaba ni mí, Ìyá Nsofwa.”

“Kalaba,” ni bàbá wí. Ó yí rédíò wálẹ̀. “Ìyẹn ni pé Bemba ni ẹ́.”

“Bemba Kasama ni mí.”

“Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rán olówó sí mi, ó rán ajọ̀bọ. Ó dáa, jókòó. Jìnnà sí igi yẹn ná, kó o má lọ gùn ún.”

Ojú Ìyá Nsofwa là. “Ngoni ni ẹ́! Abájọ. Láti ìkóríta ni mo ti ń gbóòórùn èkúté sísun, mo rò pé ilé ẹnì kan ló ń jó ni.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yà Bemba àti ẹ̀yà Ngoni, ogun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun tán, èébú ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì fi èébú náà ṣe ìbátan. Títí dòní, bí Bemba bá pàdé Ngoni, ì báà jẹ́ ní báńkì, ì báà jẹ́ nílé òkú, àgbà kò sí, ọmọdé kò sí: wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Bemba ń jẹ ọ̀bọ, Ngoni ń jẹ èkúté, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi, èmi fẹ́ràn àṣà náà. Mo ti rí i tó ń pa ìjà tí ọlọ́pàá kò rí pa.

Bàbá fún un lómi mu, ó mú un yí ilé ká, bó sì ṣe ń mú un kiri ló ń bú ilé ara rẹ̀.

“Tó o bá gbọ́n, má ra ilé yìí. Igun ò dáa. Ọkọ̀ ọtí kan ti wọ yàrá mi rí, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló sùn, èmi sùn nílẹ̀.”

“Ṣé o fún un ní ìrọ̀rí?”

“Gbogbo ẹni tó bá sọnù nílùú yìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Ọjọ́ tó o bá kó dé, o ti di pátákó ojú ọ̀nà nìyẹn. Àjẹ́ méjì ló múlé tì mí, ẹgbẹ́ akọrin kan sì wà ní òdìkejì. Àwọn àjẹ́ yẹn ṣeé fara dà.”

“Ohun tó o ṣe fún wọn ni wọ́n ń ṣe fún ẹ.”

“Ilẹ̀ fífẹ̀ tó o sì ń lanu wò yìí,” bàbá nawọ́ sí abẹ́ máńgòrò, “mo jí i lọ́wọ́ ojú ọ̀nà ni. Díẹ̀díẹ̀ ni mo jí i, bí àwọn bàbá ńlá ẹ ṣe jí màlúù wa.”

Ìyá Nsofwa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, tó ń fi etí chitenge tó ró mọ́dìí nu ojú. “Ẹ̀yin Ngoni yìí, ẹ̀ bá jí òkè ká ní ó ní ìdìmú.”

Kó tó délé lọ́jọ́ náà, ó ti kọ́ ìsọ̀ kékeré sábẹ́ máńgòrò yẹn lọ́kàn rẹ̀. Òwúrọ̀, yóò máa dín fitumbuwa, àkàrà oníyẹ̀fun tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń mu tíì; ọ̀sán, yóò máa ta munkoyo tútù, ohun mímu tí wọ́n fi àgbàdo ṣe. Ó ti gbé àdògán kalẹ̀. Ó ti mọ apá ibi tí bẹ́ǹṣì máa wà.

“Màmá,” ni Nsofwa wí lórí fóònù, “ilé igun, ọ̀nà méjì. Eruku méjì nìyẹn. Olè ọ̀nà méjì.”

“Oníbàárà ọ̀nà méjì ńkọ́?”

“Iná ọkọ̀ á máa bọ́ sínú yàrá yín bí wọ́n bá ń yí kọ́nà.”

“Màá mọ ìgbà tí àlejò bá ń bọ̀.”

“Ọgbà tí ẹ máa máa gé, ìlọ́po méjì.”

“Àfẹ́fẹ́ náà, ìlọ́po méjì. Ọmọ yìí, nílé àárín yẹn, bí mo bá kú sínú ẹ̀, òórùn ló máa sọ fún wọn. Nílé igun, bí mi ò bá ṣílẹ̀kùn ní aago méje, ènìyàn ogún ló máa béèrè mi.”

Nsofwa kàn ní kí ìyá òun má tíì fowó sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Nsofwa padà lọ, ó fẹ́ wo ara ilé fínnífínní. Ó yí sẹ́yìn, sí ìhà tó kọjú sí ọ̀nà kejì. Lábẹ́ fèrèsé yàrá, ó rí apá kan lára ògiri tí kò bá ìyókù mu. Búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ tóbi ju bíríkì ìyókù, ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó kò sì lè pa á mọ́. Ó fẹ̀ tó imú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ kàn án. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri.

“Kí lẹ̀ ń wò?” ni ohùn kan béèrè láti òdìkejì ọgbà. Ìyá Katongo ni, obìnrin tó ń gbé nílé kejì pẹ̀lú àbúrò rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, màmá, kí ló ṣe ògiri yìí?”

“Ẹ ò gbọ́? Ọkọ̀ ọtí ni. Ó ń sáré bọ̀, kò rí igun. Ó wọ yàrá, ó dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọlọ́run ló ní kí bàbá yẹn wà ní ilé ìyàgbẹ́.”

Ìyá Nsofwa wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí bàbá ti ń yí rédíò rẹ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn, ọkọ̀ tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Tí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, kí ló tún jẹ́ òótọ́ nínú ohun tó sọ?

Ìdajì ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, ìyà sì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wá jókòó sábẹ́ máńgòrò náà láti àárọ̀. Bàbá Soko kò béèrè ohun tó wá ṣe. Ó kàn ní òun mọ̀ pé ọ̀bọ kì í jìnnà sí igi. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní nìkan, ènìyàn mọ́kànlá ló béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ìyá Nsofwa. Ọ̀kan ń wá ilé ìwòsàn, ọ̀kan ń wá ọkùnrin tó jẹ ẹ́ ní sìmẹ́ǹtì, obìnrin arúgbó kan gbé adìyẹ dání, ó ń wá ilé àna rẹ̀ tí kò mọ orúkọ òpópónà rẹ̀, àmọ́ tó mọ̀ pé ajá wọn fọ́jú. Ìyá Nsofwa kò mọ ibì kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti ṣèwádìí gbogbo rẹ̀, ó ti mọ ajá tó fọ́jú. Kò rántí ọjọ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi wà lẹ́yìn odi ilé-ìwé, ayé ń lọ lójú ọ̀nà, òun ń ro nshima.

Pátákó ojú ọ̀nà, òótọ́ ni.

Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn akọrin kóra jọ sí òdìkejì. Wọ́n kọ ẹsẹ orin kan ṣoṣo ní ìgbà ọgbọ̀n, ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ kan sì ń ṣì í níbì kan náà ní gbogbo ìgbà. Akọrin, òótọ́ ni.

Ó tọ Ìyá Katongo lọ. Kò mọ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀. “Ẹ má bínú o. Bàbá yìí sọ nípa, ẹ dákun, nípa àjẹ́ méjì.”

“Èmi àti àbúrò mi ni,” ni Ìyá Katongo wí, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí ẹ̀fọ́ tó ń já. “Ọjọ́ tá a ò yá a níyọ̀ ló ti ń pè wá bẹ́ẹ̀. Kò kúrò lórí ẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.”

Ó ku ọ̀kan: ilẹ̀ tí bàbá ní òun jí lọ́wọ́ ojú ọ̀nà. Ìbéèrè náà dé ètè Ìyá Nsofwa níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Katongo, ó sì gbé e mì. Ẹ wo obìnrin tó ń béèrè ohun tí ọmọ ọlọ́mọ jẹ sùn. Ó dágbére, ó lọ. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ó ti fẹ́ràn abẹ́ igi náà jù.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Kàkà kó yà síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ó rìn lọ sí ìparí òpópónà pátápátá, ó yíjú padà, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo gbogbo ọgbà tó wà lápá ọ̀tún. Àwọn tó kọ́ àdúgbò yẹn fún àwọn òṣìṣẹ́ kùsà, okùn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọgbà kan tẹ̀ lé òmíràn gbọnrangandan títí dé ilé Ìyá Katongo. Láti ibẹ̀, ọgbà Bàbá Soko yọ síta bí ikùn aláboyún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ́ wá.

Ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Katongo ná, ó ní kó fi òkúta ààlà tirẹ̀ han òun. Gbogbo ilé àdúgbò náà ló ní in, sìmẹ́ǹtì róbótó tí irin kan dúró láàárín rẹ̀, tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti Ìyá Katongo wà lẹ́sẹ̀ ọgbà rẹ̀. Ìyá Nsofwa dúró lórí rẹ̀, ó kọjú sí ilé Bàbá Soko, ó ń rìn ní títọ́, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kí igun wà, ó wo àyíká rẹ̀. Igi máńgòrò ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọgbà sì wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí i lẹ́yìn igi.

Ó gbé ọkọ́ sókè, ó walẹ̀.

Bàbá Soko ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ajọ̀bọ, ṣé ẹ̀pà lò ń wá?”

Ìyá Nsofwa ń walẹ̀ lọ. Bàbá pa rédíò. Ìgbà tí ọkọ́ lu nǹkan líle, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Ìyá Nsofwa kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Sìmẹ́ǹtì róbótó, irin láàárín. Igi, òjìji, atẹ́gùn, ìsọ̀ tó ti kọ́, bẹ́ǹṣì rẹ̀, ojú ọ̀nà ló ni gbogbo rẹ̀.

Ó dìde, ó lọ dúró síwájú bàbá pẹ̀lú ọwọ́ eléèpẹ̀.

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Mo sọ fún ẹ. Kó o tó mu omi tán lọ́jọ́ tó o wá ni mo ti sọ fún ẹ.”

“Ẹ̀fẹ̀ lẹ fi ṣe.”

“Kí ni ǹ bá fi ṣe? Ngoni wo lo rí tó jókòó bá Bemba sọ òótọ́? Wàá ní orí mi ti yí. O rẹ́rìn-ín títí o fi ń sunkún. Mo ní, ó dáa, mo ti sọ tèmi.”

Inú bí i. Ó bí i sí bàbá, ó tún wá bí i sí ara rẹ̀ jù, nítorí pé òótọ́ ni bàbá ń sọ. Ó fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká gbé Bemba àti Ngoni tì ná. Fún wákàtí kan péré. Ká ní àbúrò yín tí ìyá yín bí ni mo jẹ́, tí gbogbo ohun tí mo ní láyé jẹ́ owó ilé kan, ṣé ẹ máa ta èyí fún mi?”

Bàbá Soko ń fi àtàńpàkò nu ojú rédíò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

“Ìyá Nsofwa,” ó ní.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

“Ìyàwó mi ló fẹ́ràn igi yẹn. Ìta ló wà nígbà yẹn, létí ọ̀nà. Ó ń jókòó sábẹ́ ẹ̀, ó ń ta tòmátì. Mo ní kí n sún ọgbà síwájú díẹ̀ kí oòrùn má pa á. Ìṣísẹ̀ kan. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Lọ́dún kejì mo sún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí igi fi wọlé. Látìgbà yẹn, ẹ gbọ́ mi, gbogbo ọdún bí òjò bá ti dá, tí mo bá gbúròó katapílà lójú títì, màá dìde dúró. Bí mo bá ń jẹun, màá fi í sílẹ̀. Màá dúró síbí títí yóò fi kọjá. Ìyàwó mi kú, igi rẹ̀ ṣì wà, mo dúpẹ́. Àmọ́ èmi fúnra mi, mi ò jókòó sábẹ́ igi yẹn fara balẹ̀ rí. Ilé yìí, tèmi ni, ìwé ẹ̀ ń bẹ. Ibi tí ẹ fẹ́ràn yẹn, kì í ṣe tèmi. Àbúrò mi, mi ò ní tà á fún un.”

Ìyá Nsofwa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ó ń ṣa ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ń rò ó síwá sẹ́yìn. Ilé igun láìsí igun, kí ló kù níbẹ̀? Eruku wà. Akọrin wà. Ọkọ̀ ọtí lè tún padà wá wo bẹ́ẹ̀dì. Ilé àárín ṣì wà ńlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jí ilẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé kò sí ilẹ̀ tó ṣeé jí. Ọgbọ́n ní kó lọ síbẹ̀. Nsofwa náà ní kó lọ síbẹ̀. Ó ṣa ẹ̀wà títí, ó bi ara rẹ̀ pé, kí ló dùn mọ́ ẹ gan-an níbẹ̀? Ṣé igi ni? Ó ronú kan obìnrin arúgbó tó gbé adìyẹ. Kì í ṣe igi. Àwọn èèyàn tó ń ya sọ́dọ̀ rẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń dúró, tí wọ́n ń ní, màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn yẹn, ojú ọ̀nà ló ń gbé wọn wá, ojú ọ̀nà kò sì ní lọ síbì kankan.

Bó ṣe ń rò ó lọ ni alásè tuntun yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ́tìnnì gan-an ló kó wá, ó dì í rù. Ó ní kí Ìyá má ṣèyọnu, òun kàn fẹ́ gbé e sí kọ̀rọ̀ kan títí Ìyá yóò fi lọ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Nsofwa wọkọ̀ lọ bá Bàbá Soko.

“Ajèkúté,” ó ní, “màá ra ilé rẹ. Mi ò ra igun. Kí n tó fọwọ́ síwèé, ọgbà á padà sórí òkúta ààlà, owó náà á sì bá a padà sẹ́yìn.”

Bàbá wò ó. “Ẹ wo ohun tí ọjọ́ ogbó fojú mi rí. Ajọ̀bọ fẹ́ kí n máa hú ọgbà tí mo fọwọ́ mi gbìn.”

“Ìwọ lo mọ ibi tó o gbìn ín dé.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi hú u. Bàbá ń gé, ìyá ń hú, wọ́n ń bú ara wọn láti ìrandíran. Wọ́n tún ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lórí ìlà tó tọ́, nítorí irú ewéko bẹ́ẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ó ti mú. Àwọn aládùúgbò ń dúró wò wọ́n. Ìyá Katongo gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

“Gbogbo ayé ló ń sún ọgbà síta, ẹ̀yin ń sún un sínú. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Ẹni tó bá sún un síta ni yóò máa ṣọ́ ọ,” ni Ìyá Nsofwa fèsì. “Ẹsẹ̀ mi ò gba ìdúró mọ́.”

Bàbá Soko gba owó rẹ̀, ó fọwọ́ síwèé, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Chipata. Kó tó lọ, ó lọ dúró lábẹ́ máńgòrò fún ìgbà díẹ̀, ó bọ́ fìlà. Ìyá Nsofwa rí i, kò sì ṣe àwàdà kankan.

Oṣù kẹwàá ló kó dé. Ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ló ti ń dín fitumbuwa. Oòrùn ń pa á níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ó máa ń wo òjìji tó wà lẹ́yìn ọgbà, àwọn tó ń kọjá ń sinmi níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń jowú wọn. Ọgbà tuntun mú. Máńgòrò so, tọmọdé tàgbà ká a. Òjò lọ, òtútù dé.

Lóṣù kẹfà, katapílà dé. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣáájú rẹ̀ ń na okùn létí ọ̀nà, wọ́n fẹ́ fẹ títì náà. Okùn náà gba ẹ̀yìn ọgbà Ìyá Nsofwa kọjá ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kò kàn án. Igi ni kò yẹ̀ fún. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, máńgòrò ti wà nílẹ̀. Ìyá Nsofwa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sunkún kíkankíkan, bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó wọlé, ó pe Chipata.

“Ajèkúté, wọ́n ti gba ilẹ̀ olè lọ́wọ́ ẹ o.”

Ó gbọ́ bí bàbá ṣe pa rédíò.

“Igi náà ńkọ́?”

“Ó ti lọ. Mo bá ẹ sunkún ẹ̀.”

“O ṣeun,” ni bàbá wí. “Ilé ńkọ́?”

Ìyá Nsofwa bojú wo ìta. Ẹ̀rọ ńlá náà ti dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń wà á ti sọ̀ kalẹ̀, géńdé ọkùnrin tí eruku bò, ó wá dúró síbi tí ọgbà ti là, ó bọ́ fìlà, ó ń wo àwo fitumbuwa, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ wọlé.

“Ó wà,” ó ní. “Dúró ná. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá màá jẹ́ kóun wọlé.”